Ẹni Tó Ń Kan Irin Lábẹ́ Ọkọ̀

Nígbà tí Àǹtí gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì níbi iná ojú pópó àkọ́kọ́, táyà iwájú lápá òsì gun nǹkan. Nǹkan náà kò ga, kò sì le. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ṣèèṣì fi ẹsẹ̀ tẹ ìrọ̀rí tó wà nílẹ̀. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sọ̀kalẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó padà sẹ́yìn lọ wo ojú ibi tó ti gbéra, ó tún fi ọwọ́ pa táyà náà yíká. Títì mọ́ tónítóní. Kò sí òkúta níbẹ̀, kò sí igi, kò sí nǹkan kan tí táyà lè gùn.

Èyí tó bà á lẹ́rù ju ìyẹn lọ ni ohun tó gbọ́ kó tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń sùn lọ́wọ́ nígbà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé oorun yìí, torí ẹni tí kò bá wa ọkọ̀ ìgbàlódé rí lè rò pé àlọ́ ni mo fẹ́ pa. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tuntun wọ̀nyí, bí ẹ bá tẹ bíréèkì tí ọkọ̀ sì dúró, ẹ́ńjìnnì á pa ara rẹ̀ kí epo má baà máa jó lásán. Bí ẹ bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, á tan ara rẹ̀ padà, ọkọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àmì kékeré kan, aláwọ̀ ewé, máa ń tàn lójú dáṣíbọọ̀dù ní gbogbo ìgbà tó bá fi ń sùn, kí awakọ̀ lè mọ̀ pé ó wà láàyè, ó kàn dijú ni. Ẹni tó bá wà níta kò lè rí àmì yẹn. Ìdákẹ́jẹ́ nìkan ni tòun.

Àwọn awakọ̀ yáàdì akẹ́rù tí Àǹtí ti ń ṣiṣẹ́ ń pe nǹkan náà ní àsùnjí, wọn kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ẹni tó ti wa ọkọ̀ fún ogún ọdún, bí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́ mọ́ ọn lábẹ́ láàárín títì, àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ já ná. Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n fi ń lé oorun náà lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pa ọkọ̀ tí wọ́n tún tan án, oorun ti padà dé nìyẹn, wọ́n ní láti tún bọ́tìnnì tẹ̀. Nítorí náà, àràárọ̀ ni gbogbo wọn ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń bọ́jú.

Àǹtí gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Iná pupa dá a dúró, ẹ́ńjìnnì sùn, inú ọkọ̀ pa lọ́lọ́. Ìró kan wá láti ìsàlẹ̀, láti ibi tí irin ọkọ̀ wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Kó. Kó. Kó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró de èkejì, bí ẹni tí kò kánjú lọ síbì kan. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó ń retí èsì.

Àǹtí mọ ọwọ́ tó ń kan irin báyẹn. Ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ni, àbúrò náà sì ti lo oṣù méje nínú ilẹ̀.

Ẹ̀sọ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é nígbà tó wà láyé. Mẹkáníìkì ni ní yáàdì yìí kan náà, orúkọ náà sì bá a mu, torí kì í sáré, kì í pariwo, kì í gbé irinṣẹ́ kan sílẹ̀ láìnù ún. Bó bá fẹ́ mu omi, á kọ́kọ́ yọjú wo inú ife. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé bí ilé bá ń jó, Ẹ̀sọ̀ á wá bàtà rẹ̀, á so okùn rẹ̀ dáadáa, á sì kí iná náà pé ó dàárọ̀ kó tó jáde. Ilẹ̀kùn yàrá ìyá wọn kì í wà ní títì lọ́sàn-án, síbẹ̀ bí Ẹ̀sọ̀ bá dé, á fi ìka kan férémù lẹ́ẹ̀mẹta, á sì dúró síta títí ìyá yóò fi sọ pé, "Wọlé, ọmọ mi. Ta ló tì ọ́ síta?" Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é, kò sì sú àwọn méjèèjì.

Òfin kan wà ní yáàdì náà tó ti wà kí mánijà tó dé ibẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi sípánà kan irin lẹ́ẹ̀mẹta. Awakọ̀ tó wà lókè á pa ẹ́ńjìnnì, á yọ kọ́kọ́rọ́, ìgbà yẹn ni á wá kan ara ilẹ̀kùn ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta dá a lóhùn. Bí èsì kò bá wá, ẹnikẹ́ni kì í wọ abẹ́ ọkọ̀. Kálukú awakọ̀ ló sì ní bí ọwọ́ tirẹ̀ ṣe ń dún. Ẹni tó bá ti pẹ́ níbẹ̀ lè dijú kó sọ ẹni tó jókòó lókè.

Afínjú ló wà lórí ọkọ̀ lọ́jọ́ tí Ẹ̀sọ̀ kú. Òun ni ọ̀gá àwọn awakọ̀, arẹwà ọkùnrin tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í hunjọ, tí áńkáṣíìfù funfun kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó sọ fún wọn ni pé òun ti pa ọkọ̀, òun jókòó jẹ́ẹ́, òun kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kan irin. Ó ní ìgbà tí òun tan ọkọ̀ láti gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń kẹ́rù ni òun gbọ́ igbe. Ó fi áńkáṣíìfù nu ojú bó ṣe ń sọ ọ́. Kò sẹ́lòmíì nítòsí lọ́jọ́ náà, òkú kì í sì í rojọ́. Wọ́n gbà á gbọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹsàn-án, mánijà gbé pátákó kan kọ́ sẹ́nu géètì, ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà: KAN IRIN KÍ O TÓ WỌ ABẸ́ ỌKỌ̀. Ẹ̀SỌ̀ KÒ KAN IRIN.

Ikú àbúrò rẹ̀ dun Àǹtí wọra, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ṣùgbọ́n pátákó yẹn ni kò jẹ́ kó sùn. Ẹni tó ń kan férémù ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, òun ni wọ́n sọ di aláìbìkítà lójú gbogbo ẹni tó ń kọjá, kí àwọn mìíràn lè fi í kọ́gbọ́n. Ìyá wọn kò gba ọ̀nà yẹn mọ́. Bó bá fẹ́ lọ ra nǹkan, á yí gbogbo àdúgbò po kó má baà rí i. Àǹtí búra nínú ara rẹ̀ pé òun máa já pátákó náà, àti pé ẹni tó mú kí wọ́n kọ ọ́ máa jẹ iyán rẹ̀ níṣu.

Ó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ọdún mọ́kànlá níbòmíràn. Ó fi orúkọ ọkọ rẹ̀ wáṣẹ́ sí yáàdì, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun mọ Ẹ̀sọ̀ rí. Bàbá Géètì, arúgbó tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ló kọ́kọ́ tẹjú mọ́ ọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Ojú yìí jọ ojú kan tí mo mọ̀," ni bàbá náà wí.

"Ojú pọ̀ láyé, Bàbá," ni Àǹtí dá a lóhùn.

Bàbá náà ṣí géètì.

Mánijà ní ọkọ̀ kan tó ti ń jókòó lásán láti oṣù méje, torí òun ló pa Ẹ̀sọ̀, kò sì sí awakọ̀ tó fẹ́ gùn ún. Inú rẹ̀ dùn nígbà tí Àǹtí sọ pé òun á wà á. Ó rò pé òun rí òmùgọ̀ ni.

Nísinsìnyí tí ẹ ti mọ ẹni tó jókòó lórí ọkọ̀, ẹ jẹ́ ká padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Àǹtí mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀, kò tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n ó fẹ́ tún un gbọ́. Iná pupa, oorun, ìdákẹ́jẹ́. Kó. Kó. Kó. Nígbà tó gbé ẹsẹ̀, táyà òsì gun nǹkan rírọ̀ yẹn, ó sì sọ̀kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni níbi iná tó tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí ìró ti ìsàlẹ̀ dákẹ́, ilẹ̀kùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dáhùn. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí sítiáríǹ. Ìró náà wá láti ara irin ilẹ̀kùn, ní ìsàlẹ̀ fèrèsé, ibi tí awakọ̀ máa ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé. Kẹ́-kẹ́. Ó dúró díẹ̀. Kẹ́.

Kì í ṣe ìka lásán ló ń dún báyẹn. Nǹkan líle kan ló ń lu irin, méjì á yára tẹ̀lé ara wọn, ẹ̀kẹta á sì pẹ́ kó tó dé, bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti wà níbòmíràn.

Àǹtí jókòó síbẹ̀ títí àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn fi ń fun fèrè. Ó ti yé e pé ẹnì kan dá àbúrò òun lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Ẹni náà ni kò tíì mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó rọra ń rìn kiri yáàdì bí ẹni tó ń na ẹsẹ̀, ó ń fetí sílẹ̀. Awakọ̀ kan fi àtẹ́lẹwọ́ dáhùn. Òmíràn fi ẹ̀ṣẹ́ dáhùn, gbì, gbì, gbì, bí ẹni tí gbèsè ń bí nínú. Àǹtí ń bu omi sínú ife nígbà tí mẹkáníìkì kan kan irin lábẹ́ ọkọ̀ tó wà ní ìkángun, tí awakọ̀ rẹ̀ sì na ọwọ́ síta láti fèrèsé, tó fi òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ lu ilẹ̀kùn. Kẹ́-kẹ́. Kẹ́.

Afínjú ni. Áńkáṣíìfù funfun wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì.

Àǹtí gbé ife náà kalẹ̀ rọra. Inú bí i débi pé etí rẹ̀ dí, tí ojú rẹ̀ ń ṣú. Ohun gbogbo tò síwájú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì sùn, ẹ̀rọ dákẹ́. Ẹ̀sọ̀ kan irin, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Afínjú gbọ́, ó sì dá a lóhùn, kò yọ kọ́kọ́rọ́, kò sì wo àmì aláwọ̀ ewé tó ń tàn níwájú rẹ̀, torí pé ọkọ̀ ti dákẹ́, ó sì tó lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Èyí lè jẹ́ àṣìṣe, gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Irọ́ tó wá pa mọ́ òkú lẹ́nu ni Àǹtí kò lè dárí jì í.

Bó bá lọ sọ fún mánijà pé òkú ló sọ fún òun, wọ́n á ní kó lọ sinmi nílé. Nítorí náà, ó lọ sọ nǹkan mìíràn.

"Àsùnjí ọkọ̀ yìí kò ṣe déédéé, sà," ló wí. "Bó bá jí, ó máa ń fò. Mo fẹ́ kí ọ̀gá awakọ̀ bá mi wò ó."

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ní yáàdì nìyẹn: bí awakọ̀ bá ní ọkọ̀ òun ń ṣe ségesège, ọ̀gá awakọ̀ ló gbọ́dọ̀ gùn ún wò. Mánijà ránṣẹ́ pe Afínjú. Afínjú ní orúnkún ń dun òun. Ó ní kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Ó ní ọ̀la ńkọ́. Mánijà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ gun ọkọ̀ mẹ́ta lónìí? Ẹ jẹ́ ká lọ, mo máa jókòó tì yín."

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, oòrùn mú, àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì jókòó síwájú ilé iṣẹ́, wọ́n ń mu tíì. Afínjú gun ọkọ̀ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méje. Ó tẹ́ áńkáṣíìfù sórí ìjókòó kó tó jókòó lé e. Ó tan ọkọ̀, ìka rẹ̀ sì ń lọ síbi bọ́tìnnì.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá," ni Àǹtí sọ lójú fèrèsé. "Oorun yẹn gan-an la fẹ́ wò."

Ìka náà padà. Ó wa ọkọ̀ yí yáàdì po lẹ́ẹ̀kan, mánijà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì dé iwájú ilé iṣẹ́, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró. Ẹ́ńjìnnì sùn.

Kó. Kó. Kó.

Gbogbo àwọn tó ń mu tíì ló gbọ́ ọ. Àwọn mẹkáníìkì wo ara wọn, wọ́n ka ara wọn lójú. Gbogbo wọn ló pé síta.

Ọwọ́ Afínjú ti jáde láti fèrèsé kó tó mọ̀. Ogún ọdún ló fi ń ṣe é, ọwọ́ kò béèrè lọ́wọ́ orí mọ́. Kẹ́-kẹ́. Kẹ́.

Mánijà yíjú sí i. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ta lẹ dá lóhùn?"

Afínjú ń wo dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wà lórí bíréèkì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí. "Ẹ bá mi wo abẹ́ ọkọ̀," ló wí. Mẹkáníìkì kan bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó ní kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Òmíràn náà wò ó. Kò sẹ́nì kankan.

"Mo rí bàtà rẹ̀ nínú dígí," ni Afínjú wí. "Ó so okùn rẹ̀."

"Bàtà ta?"

"Ẹ̀sọ̀." Ó ń mí gúlegúle. "Ó kan irin, mánijà. Lọ́jọ́ yẹn, ó kan irin. Mo gbọ́ ọ, mo sì dá a lóhùn. Ọkọ̀ ti dákẹ́, mo rò pé ó ti parí. Áńkáṣíìfù mi ló jábọ́ sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, ẹsẹ̀ mi sì kúrò lórí bíréèkì. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ láti mú un ni."

Ẹnì kan gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù. Mánijà na ọwọ́ kọjá níwájú Afínjú, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó yọ ọ́, ó sì sáré bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àmì aláwọ̀ ewé kò kú. Ó ń tàn síbẹ̀ lójú dáṣíbọọ̀dù. Èsì ti ṣáájú kọ́kọ́rọ́, gẹ́gẹ́ bíi ti ọjọ́ tí Ẹ̀sọ̀ kú, irọ́ sì ni irú èsì bẹ́ẹ̀ ní yáàdì náà.

"Sọ̀kalẹ̀," ni mánijà wí.

"Bí mo bá gbé ẹsẹ̀, á jí." Omi ń jáde lójú Afínjú, kò sì rántí áńkáṣíìfù. Ó fi ojú wá Àǹtí láàárín wọn. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Bí ẹ bá sọ pé kò sẹ́nì kankan, màá gbà, màá gbé ẹsẹ̀."

Àǹtí kúnlẹ̀. Ó fara balẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ láti iwájú títí dé ẹ̀yìn. Yanrìn gbígbẹ ló wà níbẹ̀, àti àbààwọ́n epo kan, àti ewé kan tí atẹ́gùn gbé wá. Kò sẹ́nì kankan. Ó dìde, ó gbọn eékún rẹ̀, ó lọ bá Afínjú lójú fèrèsé, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún aláìsàn.

"Ó wà níbẹ̀. Àbúrò mi ni. Má gbé ẹsẹ̀ rẹ."

Ó yí ẹ̀yìn sí i. Ó gba sípánà lọ́wọ́ mẹkáníìkì tó súnmọ́ ọn jù, ó gba ẹnu géètì lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú pátákó náà. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ni. Ó tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń nù wọ́n, ó ń tò wọ́n sínú àpò rẹ̀. Bàbá Géètì di ìsàlẹ̀ pátákó mú fún un. Wọ́n ń gbọ́ ohùn Afínjú tó ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn, lákọ̀ọ́kọ́ pẹ̀lú orúkọ Àǹtí, lẹ́yìn náà pẹ̀lú orúkọ Ẹ̀sọ̀, lẹ́yìn náà láìsí orúkọ kankan. Nọ́ọ̀tì kẹrin ti dípẹtà, ó gba àkókò. Àǹtí kò kánjú. Inú rẹ̀ dùn, kí n má parọ́ fún yín, ó dùn gan-an.

Ó ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù nígbà tí ẹsẹ̀ Afínjú kọ̀ fún un. Ó ti ń gbọ̀n tipẹ́, ó sì yọ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ẹ́ńjìnnì jí, láìsí kọ́kọ́rọ́ nínú rẹ̀. Ọkọ̀ rìn bí ìṣísẹ̀ kan, ó sì dúró. Gbogbo wọn rí táyà iwájú lápá òsì bó ṣe gòkè, tó sì sọ̀kalẹ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Láti ọjọ́ yẹn ni Afínjú kò ti wa ọkọ̀ mọ́. Wọ́n lé e níṣẹ́, àwọn aláṣẹ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ní kó lọ gba ìtọ́jú ná. Mánijà wá sílé ìyá Ẹ̀sọ̀ fúnra rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní àwọn ṣi ọmọ náà dá lẹ́bi. Ìyá gba ọ̀nà ẹnu géètì padà, ó rí ibi tí pátákó ti wà tẹ́lẹ̀, ihò mẹ́rin péré ló kù. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, ǹ bá ti dìde.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyàwó Afínjú wá bá Àǹtí ní yáàdì. Ó jókòó lórí táyà kan tó ti gbó, ó ká ọwọ́ mọ́ra. Ó ní ọkọ òun kì í dìde lórí àga mọ́. Bó ti jókòó, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wà nílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi pé ìka ẹsẹ̀ ti dúdú, kò sì sẹ́ni tó lè gbé e. Á dẹ̀ díẹ̀, bóyá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á sì tún kígbe pé, "Ó ti ń kàn án," ẹsẹ̀ á tún le gbagidi. Lánàá, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ló bẹ̀rẹ̀. Ó tún ṣe é ní mẹ́sàn-án kọjá ogún.

"Ẹ ti gbẹ̀san, Àǹtí," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó."

Àǹtí ń ronú ibi tó wà lánàá ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Iná pupa ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé ló wà. Ní mẹ́sàn-án kọjá ogún, iná pupa orí afárá. Ọkọ̀ ń sùn nígbà méjèèjì.

Bàbá Géètì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó wá dúró ti Àǹtí.

"Ọmọ mi, ẹni tó bá kan irin, èsì ló ń retí," ló wí. "Ìwọ lo ni ọkọ̀ báyìí. Bó bá tún kàn án, pa ọkọ̀, yọ kọ́kọ́rọ́, kó o wá dá a lóhùn bí òfin ṣe wí. Á jáde kúrò lábẹ́ ibẹ̀. Àwọn méjèèjì á sinmi."

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Àǹtí wí.

Ó sì gbọ́ ọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó tan ọkọ̀, tí ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì tó lè lé oorun lọ, ó rántí áńkáṣíìfù funfun. Ó rántí bí ìyá wọn ṣe ń yí àdúgbò po. Ó gbé ìka rẹ̀ kúrò. Ọ̀nà méjì ló lọ síbi tó ń kó ẹrù lọ: ọ̀kan jẹ́ ọ̀nà tààrà tí kò ní ju iná méjì lọ, èkejì gba àárín ìlú, ó sì ní mẹ́tàdínlógún. Ó gba àárín ìlú. Ojoojúmọ́ ló sì ń gbà á láti ìgbà náà. Níbi iná kọ̀ọ̀kan, á jẹ́ kí ọkọ̀ sùn, á gbọ́ àbúrò rẹ̀ tó ń kan irin, á sì máa ro ẹsẹ̀ kan tó ń le gbagidi lórí ilẹ̀ yàrá kan ní òdìkejì ìlú. Kì í dáhùn. Bí iná bá ti di aláwọ̀ ewé, á gbé ẹsẹ̀.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ojú ń dun ìyá wọn, Àǹtí sì gbé e sínú ọkọ̀ láti já a sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wo ojú. Ìyá jókòó lókè, báàgì rẹ̀ lórí itan, ó ń wo àwọn ọkọ̀ kéékèèké nísàlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Iná pupa dá wọn dúró. Ẹ́ńjìnnì sùn.

Kó. Kó. Kó.

Ìyá yí orí díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pè láti yàrá kejì. Kò bẹ̀rù. Ojú rẹ̀ tó ń dùn ún mọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ gòkè síbi ilẹ̀kùn, ẹnu rẹ̀ sì ti là láti sọ ohun tó máa ń sọ.

"Wọlé, ọm..."

Àǹtí gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má dá a lóhùn, Ìyá. Kò tíì tó."

Ìyá wo ọwọ́ tó di òun mú, ó wá wo ojú ọmọ rẹ̀. "Kí ni kò tíì tó?"

Iná di aláwọ̀ ewé. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń fun fèrè. Àǹtí gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ẹ́ńjìnnì jí, táyà iwájú lápá òsì sì gun nǹkan rírọ̀ kan, ó sọ̀kalẹ̀.

Ìyá di àga mú. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Ta lo gùn yẹn?"

Àǹtí kọjú síwájú, ó ń wa ọkọ̀ lọ. Iná tó kàn ti ń di pupa.